Ọwọ́ Tí Dókítà Kò Nà Sókè

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dókítà. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo wa fi gbàgbé orúkọ àbísọ rẹ̀, títí kan ìyá tó bí i. Aránṣọ ni mí. Ẹnu ọ̀nà mi ló kọjú sí tiwọn ní àjà kejì ilé tí a jọ ń gbé. Bí ṣíbí bá já bọ́ lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Èyí tí n kò fojú ara mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọsibítù ńlá ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn láti wọ́ọ̀dù lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, tí yóò tún tì wọ́n padà. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn. Ó lè di ojú kó sọ fún ọ ibi tí ilẹ̀ ti sán àti ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti máa ń há. Àwọn dókítà tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ a máa nàka sí i pé, "Ìwọ, wá ti èyí," òun a sì dáhùn pé, "Ó dáa, sà." Kò bínú sí wọn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Aránṣọ, ọmọ tèmi náà á nàka sí ẹnì kan lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa kọ́ ọ kó máa fi 'ẹ jọ̀ọ́' sí i."

Bí orúkọ náà ṣe dé nìyí. Bàbá gbé àwòrán egungun ara ènìyàn kan wálé, èyí tí wọ́n jù nù ní ọsibítù nítorí pé etí rẹ̀ ti ya. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ọmọ fi mọ orúkọ gbogbo egungun yẹn lórí, láti agbárí dé ọmọńdinrín ẹsẹ̀. Bàbá pe gbogbo ará ilé. Ọmọ dúró láàárín wa, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, orúkọ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. A pàtẹ́wọ́ títí. Èmi náà pàtẹ́wọ́, n kò ní purọ́. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bi í pé kí ni egungun wà fún.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ipò kìíní kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọgbọ́n tó ń dá kò ju ẹyọ kan lọ: àkọ́sórí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Àǹtí, tí mo bá ti ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa ń rí i níwájú mi bí ẹni ń wo fọ́tò, àti kọ́mà, àti ibi tí omi kán sí. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n pa ìwé dé kí n sọ ọ́ lẹ́nu ara mi, ó parí."

Olùkọ́ ìṣirò kan wà níbẹ̀, obìnrin gíga kan tí eruku ṣọ́ọ̀kì ti sọ di oníkọ́. Lọ́jọ́ kan ó ṣe ìṣirò kan tó gùn lójú pátákó, ó yíjú sí kíláàsì, ó ní, "Ta ni kò yé?" Nǹkan bí ọwọ́ mẹ́wàá ló lọ sókè. Kò yé Dókítà náà. Ó ní ọwọ́ òun ti kúrò lórí tábìlì díẹ̀, kí olùkọ́ tó sọ fún àwọn mẹ́wàá yẹn pé, "Ẹ má dà mí láàmú jàre. Ẹ lọ bá Dókítà nígbà ìsinmi, á ṣàlàyé fún yín." Ọwọ́ padà sílẹ̀. Nígbà ìsinmi tí wọ́n yí i ká, ó ní orí ń fọ́ òun. Láti ọjọ́ náà ni orí fífọ́ ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá ti ní kó ṣàlàyé nǹkan, orí a bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ìwé ẹ̀rí tó dán gbinrin, tó sì wọ yunifásítì láti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Èmi ni mo rán kóòtù funfun rẹ̀. Bàbá ní àpò mẹ́ta ni kí n fi sí i, n kò sì bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ kó sínú ìkẹta.

Ọdún kìíní, ó rápálá kọjá. Ọdún kejì ni ilẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ kan tí orí rẹ̀ pá kó wọn wọ láàbù, ó fi igi tín-ínrín kan tọ́ka sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ní itan, ó ní, "Bí nǹkan bá dí ibí yìí pa, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀?" Dókítà ló nàka sí. Dókítà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ iṣan náà, ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ẹ̀ka tó yà.

Olùkọ́ dá a dúró. "Mi ò béèrè orúkọ ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ wà lára ògiri lẹ́yìn ẹ. Mo ní kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Kò mọ̀. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í ló dáhùn, ó sọ ọ́ nírọ̀rùn bí ẹni ń ṣàlàyé ìdí tí omi kò fi yọ nílé ìdáná nígbà tí páìpù bá dí. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọbìnrin náà bá a. "Àwa mẹ́rin kan máa ń kàwé pọ̀ lọ́sàn-án. Wá bá wa jókòó." Dókítà ní orí ń fọ́ òun.

Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Wọ́n ní kó tún un ṣe, ó tún fìdí rẹmi. Lẹ́tà jáde pé kò sí àyè fún un mọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Orí àga ní ibùdókọ̀ ló ti kà á, lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì tó délé, ó ti mọ̀ ọ́n lórí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó ń gbé kóòtù funfun wọ̀ láràárọ̀, ó ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lọ. Láíbìrì ìlú ló ń lọ jókòó sí, nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń débẹ̀ àfi bàbá arúgbó kan tó ń wá sùn. Tó bá di aago mẹ́rin, a padà wálé. Tí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ, bàbá á ní, "Dókítà, kí lẹ kọ́ lónìí?" Òun á sì ka orúkọ iṣan méjì mẹ́ta fún un. Bàbá á fi ṣíbí sílẹ̀, á máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ orin. Dókítà ní ìgbà yẹn gan-an ni òun máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ohun tó wá ń lé e kiri ni pé ọ̀nà irọ́ náà fẹ́ dópin. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti fẹ́ wọ ọdún kẹta, ọdún kẹta sì ni wọ́n máa ń kó wọn wọ wọ́ọ̀dù, ọsibítù bàbá yìí kan náà. Bàbá ti fi bírò pupa yí ọjọ́ náà ká lára kàlẹ́ńdà. Ó ti sọ fún àwọn ọlọ́dẹ, ó ti sọ fún àwọn tó ń fọ ilẹ̀, ó ti sọ fún àwọn tó ń se oúnjẹ aláìsàn. Bó bá pàdé ajá ní géètì, yóò sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni iṣẹ́ dé láti ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí a ń pè ní Kékeré, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá níbẹ̀, ló mú un wá. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ kí mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó wà ní yunifásítì wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀: kí ni wọn ì bá sọ fún ara wọn, ká ní wọ́n lè padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn? Dókítà ní òun kò ráyè. Bàbá ní, "Kò ráyè báwo? O máa lọ!"

Ó lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Gbọ̀ngàn kún. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ nípa òfin ló kọ́kọ́ dìde, ó ní kí wọ́n máa kàwé, kí wọ́n yan ọ̀rẹ́ rere. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan ló tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ ara yín, torí màmá yín ò ní bá yín débẹ̀. Ẹ sùn dáadáa. Ẹ má torí pé gbogbo èèyàn ń lọ síbì kan kẹ́ ẹ bá wọn lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó kan Dókítà. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú ìwé, ó sì ti kọ́ ọ sórí. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. "Ẹ̀yin àbúrò mi, iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́…" Ibẹ̀ ló ti rí Kékeré ní ìlà kẹta. Kékeré dorí kodò, ó ń kọ gbogbo ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, kíá kíá, kò gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín, kò ronú. Kíkọ ṣáá ni.

Dókítà ní ọ̀rọ̀ tí òun kọ́ sórí kàn kúrò lórí òun ni, bí ẹni fa aṣọ kúrò lórí tábìlì.

"Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́," ló sọ. "Ẹ gbé bírò sílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi. Tí nǹkan ò bá yé yín, ẹ nawọ́ sókè. Ibí ni kẹ́ ẹ ti nà án, ibi tí wọ́n á ti kàn fi yín rẹ́rìn-ín lásán. Tí wọ́n bá ń pè yín ní olórí pípé, ẹ ṣì nà án. Èmi ò nawọ́ mi sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́fà nínú ilé-ìwé yìí. Mi ò kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mọ́. Wọ́n ti lé mi. Oṣù kẹta rèé. Bàbá mi ò tíì mọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, kò sì jọ pé ó mọ̀ pé òun rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́ o, a dúpẹ́," ó ní kí wọ́n dìde fún àdúrà ìparí. Olùkọ́ ìṣirò jókòó sí igun, ó fi ankáṣífù bo ẹnu, kò sì wúkọ́.

Kékeré lé e bá ní géètì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé eré lẹ ń ṣe ni?"

"Kì í ṣe eré."

"Ẹ̀mí Bàbá ńkọ́? Mọ́ńdè ni, ẹ̀gbọ́n mi! Bàbá ti gé irun. Wọ́n ti ní kí Màmá lọ yúnífọ́ọ̀mù àwọn lẹ́ẹ̀mejì!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní ká nawọ́ sókè." Omijé ti ń bọ́ lójú ọmọ náà. "Ẹ na tiyín sókè fún Bàbá."

Dókítà gbìyànjú. Lọ́jọ́ Sátidé, ó bá bàbá níbi tó ti ń kun bàtà, ó ní, "Bàbá mi," bàbá sì gbójú sókè pẹ̀lú ẹ̀rín débi pé gbogbo ohun tó rí sọ ni pé bàtà náà dán. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọ̀rọ̀ náà máa ń dé ẹ̀yìn eyín òun, á sì jókòó síbẹ̀.

Nígbà tó jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá ti lọ. Ọmọ náà kò bọ́jú. Ó sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, bàtà ọ̀tún lẹ́sẹ̀ òsì. Mo pè é, kò dúró.

Bó ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó rí bàbá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá di irin orí bẹ́ẹ̀dì mú. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún ló wà lórí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé níwájú wọn ní méjì méjì nínú kóòtù funfun. Bàbá ti dúró, ó ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ti wà nílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó ni ín. Ẹni ìkẹyìn kọjá. Bàbá ṣì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹnì kan ṣì kù. Ó wá bi ẹni náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi dà?" Ó sì pe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọmọbìnrin inú láàbù ọjọ́sí ni ẹni ìkẹyìn náà. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ bi í nílé, sà," ó sì yára tẹ̀ lé àwọn yòókù.

Dókítà ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà náà.

"Ṣé o pẹ́ ni?" ni bàbá rẹ̀ sọ. "Kóòtù ẹ dà? Sáré, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni!"

"Bàbá mi, mi ò sí lára wọn."

Nọ́ọ̀sì kan yọrí lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. "Bàbá! Ẹ̀yin là ń retí o!"

Iṣẹ́ ni iṣẹ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ti bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ di irin ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń rìn lọ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́, láti ìdí dé òkè. Bàbá kò wò ó. Iwájú ló ń wò.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta, Bàbá."

"Ibo lo ń gbé kóòtù lọ láràárọ̀?"

"Láíbìrì."

"Àwọn iṣan tó ò ń kà fún mi nídìí oúnjẹ ńkọ́?"

"Mo kọ́ wọn sórí ni. Kò yé mi, Bàbá. Àtilé-ìwé girama ni kò ti yé mi."

Bẹ́ẹ̀dì yà sí ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ha ògiri. Ìyá arúgbó la ojú. "Bàbá, ẹ rọra o. Ìbàdí kan ni mo mú wá, ẹ má jẹ́ kó di méjì."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò bínú." Ìyá yí ojú sí ọmọ náà. "Ó dáa tó o sọ ọ́ kí wọ́n tó fún mi lóògùn oorun. Ǹ bá ti sùn láìgbọ́ ìparí ẹ̀."

Wọ́n dé ibi tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí nílẹ̀, ibi tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá. Bàbá ti bẹ́ẹ̀dì wọlé, ilẹ̀kùn sì padé. Ọmọ dúró síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ó gbàgbé pé yàrá náà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Bàbá kò pariwo nílé, ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó wọlé lọ́jọ́ yẹn, ó bọ́ bàtà, ó ya àwòrán egungun kúrò lára ògiri, ó ká a, ó sì fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá ọmọ, tó ti ń lọ aṣọ àwọn ẹlòmíràn láti àárọ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Kékeré, ó sì ń lọ aṣọ náà lọ títí tí àyà ẹ̀wù kan fi jóná. Bàbá lọ bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi bá Dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan. Bó bá fẹ́ kó gbé iyọ̀ fún òun, Kékeré ni yóò sọ fún.

Ọmọ náà wá ń jókòó sórí àga mi bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Nígbà mìíràn á ní, "Àǹtí, tí mo bá kú ńkọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yìí á parí?" Mo ní kò ní parí, yóò kàn di ti ìyá rẹ̀ ni. Láti ìgbà náà n kò jẹ́ kó dá jókòó mọ́. Mo kó bọ́tìnnì lé e lọ́wọ́, mo ní kó máa bá mi rán an.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn bàbá nínú yàrá wọn. Kékeré ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ ló kù. Ìwọ lo máa ṣe é."

Ẹ gbọ́ o, Kékeré yìí, òun ló tú ẹ̀rọ ìránṣọ mi palẹ̀ tó sì tò ó padà nígbà tí alátùn-únṣe ti ní kí n lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ̀rọ ló wù ú. Gbogbo wa la mọ̀, bàbá rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Mo gbọ́ ohùn Dókítà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bínú sí mi títí ayé, mo gbà. Ẹ má fi í dí àlàfo mi. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ẹ kàn bi í."

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn.

"Bàbá," Kékeré ti ń sunkún, "mi ò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ ni mo fẹ́ máa tún ṣe. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ ò sì tíì yé mi dáadáa, mo ti sọ fún tíṣà."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọkùnrin náà tó ń sunkún, bí àgbàlagbà ṣe máa ń sunkún, bí ẹni ń wá èémí. Ó ní, "Ogún ọdún ni mo fi ń ti bẹ́ẹ̀dì. Ogún ọdún."

Dókítà lọ sí yunifásítì, ó lọ bá olùkọ́ tí orí rẹ̀ pá yẹn, ó sọ fún un pé kò yé òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago méjì sí mẹ́rin, mo máa ń jókòó síbí kí àwọn tí kò yé lè wá. Àwọn tó yé ló ń wá." Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí lẹ́tà. Bó bá fẹ́ kàwé mọ́, àfi kó tún ìdánwò àbáwọlé ṣe, kó sì wá ẹ̀ka mìíràn, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ tún ìpìlẹ̀ ilé ṣe.

Ibi tó lọ yà mí lẹ́nu. Ó padà lọ bá oníkọ́, olùkọ́ ìṣirò. Dókítà ló ń jókòó báyìí lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì. Àwọn ọmọ náà sọ ọ́ ní Ìyá Kíláàsì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó nawọ́ sókè, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fi gbá tábìlì. Ó ní ojú ti òun débi pé òun fẹ́ sá, ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà ṣàlàyé ìṣirò ọ̀hún, tó tún un ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan kan ṣí lórí òun tí kò ṣí rí. Ó wálé, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀. Kò yé mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó yé e.

Ó ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan. Máàkì rẹ̀ kò tó. Ó sunkún fún ọjọ́ méjì, ó sì padà sórí bẹ́ǹṣì. Òmíràn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bàbá ti ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ bíi "ti ilẹ̀kùn" àti "òjò fẹ́ rọ̀," kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bi mí lọ́jọ́ kan bóyá bàbá òun á dárí ji òun. N kò lè purọ́ fún un. Mo ní n kò mọ̀.

Láàárọ̀ yìí ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ní bàbá kò lọ síṣẹ́, òun kò sì lè kàwé níbi tó bá jókòó sí. Mo palẹ̀ aṣọ mọ́ lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo ní kó jókòó. Ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta. Ó ń kọ ìṣirò kan, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́. Mo gbé tíì fún un, kò rí i, ó sì ti tutù.